Bí Sátẹ́láìtì Ṣe Ń Wọn Omi Odò

Òpó tí wọ́n fàmì sí lára, tí wọ́n rì mọ́ etí odò, ni a mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún wíwọn omi. Irú rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ní báyìí, wọ́n tún ń wọ̀n ọ́n láti òkè.

Sátẹ́láìtì kì í wo bí odò ṣe jìn tó. Bí ojú omi ṣe ga tó ló ń wọ̀n. Yóò rán ìgbì rédà sísàlẹ̀, ìgbì náà yóò kan omi, yóò sì padà. Àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò gíga omi. Fọ́tò lásán kò tó, nítorí ìgbà òjò tí a nílò rẹ̀ jù gan-an ni ìkùukùu ń bo ojú ọ̀run. Ìkùukùu kì í dí rédà lọ́wọ́, òkùnkùn náà kì í dí i.

SWOT, tí Amẹ́ríkà àti Faransé fi ránṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ń wọn odò tó fẹ̀ ju 100 mítà lọ. Àmọ́ ọjọ́ 21 ló fi ń parí ìrìn rẹ̀. Kì í kọjá lórí ibì kan lójoojúmọ́. Omi lè dé láàárín ọjọ́ díẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ṣí dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé etí odò, ẹni tó ń ka òpó Lọ́kọ́jà láràárọ̀ kò tíì di aláìwúlò.