Oníṣẹ́ ìkànnì tó fẹ́ máa ṣe ètò inú kọ̀ǹpútà: Ohun tó yẹ kó mọ̀

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń ṣe ètò tí wọ́n ń gbé sínú kọ̀ǹpútà gan-an, èyí tó lè máa ṣiṣẹ́ bí kò tilẹ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ti mọ ti àkọ́kọ́, tó wá fẹ́ bọ́ sí èkejì, kò ní da ohun tó ti kọ́ nù, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó gbọ́dọ̀ yé e.

Inú aṣàwákiri bíi Chrome tàbí Firefox ni ìkànnì ti ń ṣiṣẹ́. Aṣàwákiri yìí dà bí ọgbà tí wọ́n ṣe yí i ká, kò jẹ́ kó ṣàdédé ka fáìlì onífáìlì tàbí kó pa á rẹ́. Ètò inú kọ̀ǹpútà kì í sábà ní irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà náà lágbára láti ṣe ni ètò náà sábà máa ń lágbára láti ṣe.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe náà tún yàtọ̀. Bí àṣìṣe bá wà nínú ìkànnì, orí sáfà ni wọn yóò ti tún un ṣe, gbogbo ènìyàn yóò sì rí èyí tó dára. Ní ti ètò inú kọ̀ǹpútà, ògbólógbòó rẹ̀ lè wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, tuntun gbọ́dọ̀ lè ka fáìlì tí ti àtijọ́ kọ.

Ní ọdún 2013, iléeṣẹ́ GitHub bẹ̀rẹ̀ irinṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Atom Shell. Ní 2015, wọ́n sọ ọ́ di Electron. Chromium àti Node.js ni wọ́n pa pọ̀ sínú rẹ̀, kí ẹni tó gbọ́ HTML, CSS àti JavaScript lè fi wọ́n ṣe ètò inú kọ̀ǹpútà. Òun ni Microsoft fi ṣe Visual Studio Code, tó jáde ní 2015.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò ní àléébù. Ètò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi Electron ṣe ló ń gbé Chromium tirẹ̀ dání, èyí ló fà á tó fi ń wúwo, tó sì ń jẹ mẹ́mọ́rì. Ewu tún wà níbẹ̀: bí kóòdù àjèjì bá ráyè wọ inú ojú ìwé rẹ̀, ó lè ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ fáìlì onílé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé láti Electron 5, tó jáde ní 2019, ojú ìwé kò ní àǹfààní sí Node.js mọ́, àfi bí ẹni tó ṣe ètò náà bá fúnra rẹ̀ ṣí i sílẹ̀.

Tauri, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2022, fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣí ojú ìwé tẹ́lẹ̀ ló ń lò. Ẹni tó bá sì fẹ́ wọ inú iṣẹ́ náà jinlẹ̀ lè kọ́ C# pẹ̀lú WPF, tàbí C++ pẹ̀lú Qt.

Ètò kékeré kan tó ń ka fáìlì, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ láìsọ ọ́ nù, ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ ṣe. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.