Tẹ́tẹ́ Lórí Àmì-Ẹ̀yẹ Sinimá

Ọ̀rọ̀ Haúsá ni Sábó: láti inú ‘sábon gàrí’, èyí tí í ṣe ìlú titun, ni a ti mú un. Ní Sábó ti Ilé-Ifẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Sábó àwọn ìlú Yorùbá mìíràn, òwò ni ó pa Haúsá àti Yorùbá pọ̀. Ẹni tí ó bá ná ọjà níbẹ̀ a kọ́kọ́ fi ojú rí ohun tí ó fẹ́ rà. Tẹ́tẹ́ ni ọjà tí a ń san owó rẹ̀ kí a tó mọ̀ bí a ó rí nǹkan gbé lọ sílé.

Tẹ́tẹ́ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Láyé púùlù, bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ènìyàn ń fi owó sí. Bí sáà rẹ̀ bá parí, wọn a yí sí ti Ọsirélíà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù púùlù, kò sí ẹni tí ó tíì mọ iye góòlù tí yóò wọlé.

Àmì-ẹ̀yẹ sinimá kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbò ni a fi ń yan ẹni tí yóò gbà á, a ó sì ti ka ìbò náà tán kí a tó pe orúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn Oscar ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1929 tí wọ́n kọ́kọ́ pín in, oṣù kejì ni wọ́n ti kéde àwọn tí ó yege. Oṣù karùn-ún ni wọ́n tó ṣe àsè. Láti ọdún 1935 ni ilé-iṣẹ́ oníṣirò owó Price Waterhouse ti gba iṣẹ́ ìbò kíkà. Ní 1940, ìwé ìròyìn Los Angeles Times tẹ orúkọ wọn jáde kí a tó pè wọ́n. Nítorí èyí, láti 1941 ni wọ́n ti ń fi orúkọ sínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa. Àpòòwé yìí gan-an ni ẹ̀rí pé ẹnìkan ti mọ èsì nígbà tí ẹlòmíràn ṣì ń ta tẹ́tẹ́ lé e.

Ìmọ̀ sinimá nìkan kò sì tó. Ní 2019, Nàìjíríà fi sinimá ránṣẹ́ sí ìdíje Oscar ti ilẹ̀ òkèèrè fún ìgbà àkọ́kọ́: Lionheart, tí Genevieve Nnaji darí. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní 2020, The Milkmaid, tí a fi èdè Haúsá, Fúlàní àti Lárúbáwá ṣe, ni ó tẹ̀ lé e. Òfin èdè ni ó dá ti àkọ́kọ́ dúró, kì í ṣe àléébù iṣẹ́.

Ní oṣù kọkànlá 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ni ó ní agbára lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti di ti Ọ̀ṣun nìyẹn. Nígbà tí New Jersey fi àyè gba tẹ́tẹ́ Oscar ní 2019, ó fi gbèdéke sí iye owó. Gbèdéke dára; síbẹ̀, ìbéèrè kan ṣáájú rẹ̀, òun sì ni ó yẹ kí olùkọ́ fi síwájú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: ta ni ó ti mọ èsì kí a tó gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n?