Ọṣùká Ìyá Àgbà

Kí n tó mọ ọjà Òjé dáadáa ni mo ti mọ ọṣùká ìyá àgbà mi. Ìró tó ti gbó ni wọ́n fi ń ká a. Wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á wé e mọ́ ìka mẹ́rin, wọ́n á ki etí rẹ̀ bọ inú, wọ́n á gbé e lé àtàrí. Wọ́n á wá lóṣòó, wọ́n á ní kí n bá àwọn gbé agbọ̀n èlùbọ́ rù. Bí wọ́n bá ń dìde, ẹ̀yìn wọn kì í tẹ̀. "Ẹ̀yìn kọ́ là ń fi gbé ẹrù, itan ni."

Ayé ogun ni Olóyè Délésolú dá ọjà Òjé sílẹ̀ n'Ìbàdàn, agboolé rẹ̀ ṣì wà ní àdúgbò wa. Ní ìtàdógún, aṣọ òkè ló ń gbọjà: ẹtù, sányán, àlàárì, láti Ìsẹ́yìn, láti Ọ̀yọ́. Ọjọ́ tó kù, ata, ẹ̀fọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èlùbọ́ ni. Orí èèyàn ló ń kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, nígbà tó sì di 1906, ọkọ̀ ìjọba ti ń na ọ̀nà Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó yà sí abúlé ìyá àgbà mi nínú méjèèjì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wá títí mo fi gbọ́njú.

N kò ní sọ pé kò sí ìyà níbẹ̀. Ọrùn a máa dùn wọ́n lálẹ́, òrí ni mo sì fi ń bá wọn ra á. Àmọ́ mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ rí pé ó rẹ àwọn ní ọ̀sán gangan.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹ̀kọ inú ewé eéran àti àkàrà ni ti òwúrọ̀. Bí oòrùn bá mú, gúgúrú, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ọ̀kà ni ti ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì. Ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì: a rẹ ẹ́, a bó o, a sè é títí ó fi fọ́, a fi ìjábẹ̀ jà á, a sọ irú sí i. Ọmọ ilẹ̀ wa ni iṣu tí a fi ṣe èlùbọ́. Àgbàdo inú ẹ̀kọ ni àlejò. Amẹ́ríkà ló ti wá, ó gba ọwọ́ Potogí dé etí òkun wa. Ìbáà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tàbí àlejò, kò sí ìkankan nínú oúnjẹ wọ̀nyí tó ti inú agolo jáde.

Èmi jogún ìsọ̀ aṣọ òkè ìyá mi, mo sì jogún ìjókòó mọ́ ọn. Búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò ni oúnjẹ mi. Bó bá di aago méjì, n ó máa tòògbé lórí ẹtù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára. Ara mi á jí díẹ̀, á tún rọ. Dókítà yẹ̀ mí wò, kò rí àrùn kankan. Ó ní kí n máa rìn, pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Ìyá àgbà mi á ti rin iye yẹn kí wọ́n tó na pàtẹ ọjọ́ kan.

Ní báyìí, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo máa ń ti Òjé gba Bẹẹrẹ, n ó gun òkè Màpó dé iwájú gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929. Òkè yẹn kò mọ ojú èèyàn. Lóṣù àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ń dúró mí. Mo ti padà sórí ẹ̀kọ àti àkàrà, oorun ọ̀sán sì ti fi mí sílẹ̀.

Mo kọ́ ọmọ mi obìnrin ní ọṣùká kíká. Láàárọ̀ àná, ó gbé agbọ̀n tẹ̀tẹ̀ rù láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ dé ẹnu ìsọ̀ wa, kò fọwọ́ kàn án.