Wíwá Àwọn Ìyá-Ńlá Wa Nínú Ìwé Àkọsílẹ̀

Àwọn baba wa wí pé, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ìdílé tí ó ti Sàró padà wá sí Èkó, Badagry àti Abẹ́òkúta ní ń jẹ́ orúkọ tí kò ti ilé wá. Nígbà tí ọmọ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ bá béèrè ìlú tí a ti kó ìyá-ńlá rẹ̀ ní ẹrú, ó ṣòro láti rí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ìwé ni ó kù tí a lè bi léèrè. Ó sì yẹ kí a mọ bí a ti í bi í.

Láti ọdún 1808 ni àwọn akọ̀wé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Freetown ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú. Wọ́n ń kọ orúkọ àti ọjọ́-orí, àti gíga ènìyàn, àti ilà tàbí àmì ara rẹ̀. Ní ìgbà náà kò tíì sí ìlànà fún kíkọ èdè Yorùbá. Bí etí akọ̀wé bá ti gbọ́ ni ó ń kọ ọ́. Àjàyí di Adjai tàbí Ajai. Nítorí náà, ẹni tí ń wá orúkọ, kí ó fi ẹnu pè é sókè, kí ó má ṣe fi ojú nìkan wá a.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìkànìyàn, irú èyí tí a ṣe ní Sàró ní ọdún 1831. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí akọ̀wé bá kọ orúkọ baálé nìkan, tí ó sì ka àwọn ìyókù bí ẹni ka owó ẹyọ, níbẹ̀ ni obìnrin gbé sọnù.

Ìwé ìgbéyàwó ni afárá. Ẹ wo aya Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Bí a bá wá Susan Crowther láàárín àwọn tí a gbà sílẹ̀, asán ni. Kí ó tó ní ọkọ, Susan Thompson ni. Kí a tó sàmì fún un, Asano ni. Obìnrin kan, orúkọ mẹ́ta. Láti ìgbéyàwó ni a ó ti padà sí ìsàmì, àti láti ìsàmì sí ọjọ́ ìgúnlẹ̀.

Kí a sì ṣọ́ra: orúkọ kan náà kì í ṣe ẹ̀rí ìbátan. Ní ọdún 1825 ni a sàmì fún Àjàyí, tí a sì fi orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù pè é. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kan náà láàárín wọn. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe pín ogún, tàbí kọ ìyàwó, nítorí orúkọ nìkan.

Níkẹyìn, ìwé kò tó. Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, Àjàyí rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n. Nígbà tí a sàmì fún ìyá náà ní ọdún 1848, Hannah ni a kọ; ṣùgbọ́n Afala ni ilé ń pè é. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè oríkì orílẹ̀ àti ilà ìdílé yín, kí ẹ sì kọ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìsàmì, kí ikán tó jẹ ìwé, kí àgbà tó re ibi àgbà ń rè. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.