Bí Àwọn Aláìríran Ṣe Lanà fún Ara Wọn, Láti Kano Títí Dé Òkè Mpape

Kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláìríran kankan tó dé ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí, àwọn aláìríran ti ní ètò tiwọn. Ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Hausa bíi Kano, wọ́n ní olórí tí wọ́n ń pè ní Sarkin Makafi, ọba àwọn afọ́jú. Òun ló ń parí aáwọ̀ láàárín wọn, òun ló sì ń gbẹnu sọ fún wọn níwájú àwọn aláṣẹ. Ẹni tó bá rí wọn lójú pópó, tí ọmọdé kan ń fà wọ́n lọ́pàá, tó sì rò pé alágbe lásán ni wọ́n, kò tíì mọ ìdajì ọ̀rọ̀ wọn. Ní ilẹ̀ Yorùbá ẹ̀wẹ̀, ẹni òrìṣà ni a ka ẹni tí a bí pẹ̀lú àbùkù ara sí. Ọbàtálá ló mọ ọ́n bẹ́ẹ̀, èèwọ̀ sì ni kí a fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbàgbọ́ yẹn dáàbò bò wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún wọn níṣẹ́. Agboolé ló ń bọ́ aláìríran, ibi tí agboolé bá sì mọ ni ayé rẹ̀ sábà ń mọ.

Bí a bá tọpa ìtàn yìí dáadáa, a ó rí i pé nídìí ọ̀pọ̀ ohun tó mú ayé dẹrùn fún aláìríran, aláìríran fúnra rẹ̀ ni a máa ń bá. Ìjọba àti àwa tí a ríran sábà máa ń dé lẹ́yìn.

Ẹ wo Benjamin Aderounmu, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí a bí ní ọdún 1925, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Kokoro. Sámbà ọwọ́ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ló fi ń jẹun. Ó ń ti òpópónà kan bọ́ sí òmíràn, ó ń kọrin nípa ìfẹ́, nípa owó, nípa bí ayé ṣe rí lójú ẹni tí kò fi ojú wò ó. Ara rẹ̀ ni òǹkọ̀wé Cyprian Ekwensi ti mú Akin, ọmọ onílù inú ìwé The Drummer Boy tó jáde ní ọdún 1960. Àìmọye ọmọ ilé ìwé ló ka ìwé náà láìmọ̀ pé ẹni gidi wà nídìí rẹ̀, tó ṣì ń rìn ní Èkó. Ọdún 2009 ni Kokoro kú. Mo ka ọkùnrin yìí kún àwọn tó kọ́ ará ìlú pé aláìríran lè ta ohun tó ní lọ́jà bí ẹnikẹ́ni, kí owó tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́ sì jẹ́ owó iṣẹ́.

Ìwé kíkà tọ ọ̀nà mìíràn wá. Louis Braille, ọmọ oníṣẹ́ awọ ní ilẹ̀ Faransé, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí òòlu inú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ gún un lójú. Àrùn ti ojú kan ran èkejì. Ní ọdún 1824, nígbà tó di ọmọ ọdún 15, ó ti ṣe ètò àmì oníkókó mẹ́fà tí ìka lè kà, òun náà, tí à ń pè ní Braille, sì ni ayé ń lò títí di òní. Ìnira wà nínú kíkọ rẹ̀ o. Ẹni tó bá ń fi sléètì àti irin kékeré ọwọ́ kọ ọ́, láti ẹ̀yìn ìwé ló ti ń gún un, nítorí náà apá ọ̀tún ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní òdìkejì, kí ó tó yí ìwé padà kà á láti òsì. Yorùbá pàápàá ní ìlànà tirẹ̀ nínú Braille: àmì tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ sh ni a fi ń kọ ṣ.

Ilé ẹ̀kọ́ aláìríran ti Gindiri, ní ìpínlẹ̀ Plateau òde òní, ni àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ ní ọdún 1953. Ní ọdún 1962, ìjọ Kátólíìkì dá Pacelli sílẹ̀ ní Sùúrùlérè. Ní Òṣòdì, Federal Nigeria Society for the Blind ń kọ́ àwọn tí ojú wọn fọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà ní iṣẹ́ ọwọ́. Ní ọdún 1977 ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe, tó wà ní Ọ̀yọ́, sílẹ̀. Pacelli ni Cobhams Asuquo, aláìríran tó ṣe àwo orin àkọ́kọ́ fún akọrin Aṣa, ti kàwé. Àbújá náà ní ilé ẹ̀kọ́ aláìríran tirẹ̀ ní Jabi.

Àmọ́ ọmọdé ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí wà fún, ọ̀pọ̀ ojú ní Nàìjíríà kì í sì í fọ́ lọ́mọdé. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè láàárín ọdún 2005 sí 2007 fojú bù ú pé àwọn tó ti pé ọmọ 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò ríran tó mílíọ̀nù kan ó lé ní 130,000. Kátárákítì, tí iṣẹ́ abẹ lè mú kúrò, ló fa ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ní abúlé etí odò, amùkúrù ló ń gbé àrùn tó ń fọ́jú kiri. John Wilson, aláìríran ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Sightsavers sílẹ̀ ní ọdún 1950, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa àrùn yìí. Láti ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi Mectizan, oògùn àrùn náà, ta àwọn ènìyàn lọ́rẹ.

Kọ̀ǹpútà àti fóònù ló tún yí ìgbésí ayé ojoojúmọ́ padà jù lọ. Ní ọdún 2006, Michael Curran, aláìríran kan ní Australia, bẹ̀rẹ̀ NVDA, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, òun àti James Teh, tí òun náà kò ríran, sì fi í lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. TalkBack ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí fóònù Android. Ẹni tó máa ń ní kí ọmọ àbúrò bá òun ka lẹ́tà tẹ́lẹ̀ ti lè gbọ́ iye tó kù ní báńkì rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí etí kejì níbẹ̀. Owó bébà ṣì ń fún wọn ní wàhálà: bébà 100, 200, 500 àti 1,000 náírà fẹ̀, wọ́n sì gùn bákan náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló máa ń ká ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́nà tó yàtọ̀ sínú pọ́ọ̀sì.

Òfin ló wá kẹ́yìn. Nàìjíríà fìdí àdéhùn ẹ̀tọ́ àwọn abirùn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé múlẹ̀ ní ọdún 2010, aláìríran ọmọ Nàìjíríà kan, Danlami Basharu, sì di alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ àdéhùn náà. Òfin tiwa, lẹ́yìn ìdádúró ọ̀pọ̀ ọdún, di fífọwọ́sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Ó fòfin de fífi abirùn ṣagbe. Ó ní kí ẹsẹ̀ ọ̀nà àti ibi tí à ń gbà sọdá títì wà ní ipò tí aláìríran lè lò, ó sì fún àwọn onílé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún márùn-ún láti tún ilé wọn ṣe.

Mpape ni mo fi ń wo òfin yìí. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi lórí òkè ni, lẹ́yìn Maitama ní Àbújá, òṣìṣẹ́ tí owó ilé ìgboro kọjá agbára wọn ló sì kún ibẹ̀. Ọ̀pá funfun ń fẹ́ etí ògiri tàbí etí títì tó máa tọ̀. Ní Mpape, òkúta yọ sójú ọ̀nà, gọ́tà kò ní ìdérí, ọ̀nà sì ń yípo láàárín ilé. Ọ̀kadà tí wọ́n lé kúrò ní ìgboro Àbújá ní ọdún 2006 ló ń gbé èèyàn kiri níbẹ̀, nítorí náà aláìríran tó gbọ́n á mọ ọlọ́kadà kan mọ́ ohùn. Ní ọdún 2012, ìjọba fẹ́ wó àdúgbò náà, àwọn ará ibẹ̀ sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Òfin tó ní kí ẹsẹ̀ ọ̀nà ṣeé rìn fún aláìríran gbà pé ẹsẹ̀ ọ̀nà ti wà ná. Ní Mpape, ìdérí gọ́tà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, ìjọba tó bá sì fẹ́ ṣe é dáadáa, kí ó pe àwọn aláìríran tó ń rìn níbẹ̀ lójoojúmọ́ kí wọ́n fi àwọn gọ́tà náà hàn án.