A kì í ru ẹran erin lórí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀: ọ̀rọ̀ lórí àfikún búráúsà

"A kì í ru ẹran erin lórí, ká tún máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀." Olójúkòkòrò ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí: ẹni tó ti rí ńlá, kí ló tún ń wá lọ sídìí kékeré? Ìtumọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹsẹ̀ ẹni tó ru ẹrù. Ìrẹ̀ kò wúwo. Bí ó bá rí ogún, tó kó wọn lé ẹran náà, ọrùn rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n. Dídúró ló ń dá a lágara. Kó tó lè walẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dá ìrìn dúró, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò sì fi dúró, tòun ti ẹran erin lórí. Ibi tí mo fẹ́ ká ti mú òwe náà nìyẹn, nítorí ohun tí àwọn àfikún (extensions) ń ṣe fún búráúsà orí kọ̀ǹpútà wa gan-an nìyẹn.

Ẹ ṣí ojú-ewé ìròyìn kan ṣoṣo lónìí: àwòrán, fídíò, kóòdù àti ìpolówó láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ oríṣiríṣi ni yóò jọ rọ́ wọlé. Chrome, Firefox tàbí Edge ló ń ru gbogbo rẹ̀, tábù kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ lára RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí RAM rẹ̀ kò ju 4GB lọ, irú èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń rà, Windows ti mú tirẹ̀ kí búráúsà tó ṣí rárá. Orí ẹrù yìí la tún wá ń kó àfikún lé: èyí tó ń túmọ̀ èdè, èyí tó ń ya ojú kọ̀ǹpútà ní fọ́tò, èyí tó ń tún gírámà ṣe, èyí tó ń wá ẹ̀dínwó ọjà kiri. A máa ń sọ pé wọn ò tóbi, pé dátà tí a fi gbà wọ́n kò tó nǹkan. Òótọ́ ni. Ìrẹ̀ ni wọ́n.

Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Àfikún mìíràn wà tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ló ń dìde. Ìyẹn kì í ni búráúsà lára. Èyí tí ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ ni èyí tí búráúsà gbọ́dọ̀ fi kóòdù rẹ̀ sínú ojú-ewé tí a bá ṣí. Bí irú rẹ̀ bá ti gba àṣẹ láti wọ gbogbo ìkànnì, kò sí ojú-ewé tí kò ní yà sí. Tábù mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Èyí tó ń tún gírámà ṣe ń ṣọ́ gbogbo ibi tí a ti ń kọ̀wé. Èyí tó ń wá ẹ̀dínwó ń yẹ ojú-ewé wò bóyá ọjà wà níbẹ̀, kódà nígbà tó jẹ́ ìwé ìròyìn la ń kà. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kéré, ìdúró ló pọ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, Nicholas Nethercote, ọ̀kan lára àwọn ẹlẹ́rọ Mozilla tó ń ṣe Firefox, wọn ohun tí Adblock Plus ń jẹ. Lílé ìpolówó ni iṣẹ́ àfikún yìí, tọmọdé tàgbà ló sì mọ̀ ọ́n nígbà náà. Nethercote rí i pé bí a bá ti ṣí Firefox báyìí, Adblock Plus ti fi nǹkan bí 60 sí 70MB kún RAM tó ń lò. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n àtòkọ gígùn kan wà tó fi ń mọ ohun tó yẹ kó fi pa mọ́, ó sì ń fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, àti sínú gbogbo ojú-ewé kéékèèké tí wọ́n bá há sínú rẹ̀, ẹ̀dà kan tó nǹkan bí 4MB. Nethercote wá ṣí ìkànnì kan tí ojú-ewé kéékèèké inú rẹ̀ lé ní 400. Láìsí Adblock Plus, Firefox lo nǹkan bí 370MB. Nígbà tí Adblock Plus wọ̀ ọ́, ó di 1960MB. Àtòkọ kan ṣoṣo ni o, ẹ̀dà rẹ̀ ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀! Ọdún 2015 ni Firefox 41 tó jáde, tí gbogbo ojú-ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀dà kan lò.

Síbẹ̀, irú àfikún yìí kan náà ló lè sọ ẹrù kalẹ̀ lórí búráúsà. Ìpolówó tí kò bá wọlé, a kò fi dátà gbé e, kóòdù rẹ̀ kò sì ní ṣiṣẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ àfikún náà ló ṣe kókó. Ọdún 2014 yẹn náà ni Raymond Hill, ará Kánádà, gbé uBlock jáde, èyí tí a mọ̀ sí uBlock Origin lónìí. Kìkì òfin tó bá kan ojú-ewé tí a wà ló ń fi síbẹ̀. Chrome kò gba odindi rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí Google ti yí òfin àfikún padà, uBlock Origin Lite ló kù níbẹ̀. Odindi rẹ̀ ṣì wà lórí Firefox, títí kan ti fóònù Android. Ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, bí yóò bá fi àfikún kan ṣoṣo sí i, èyí ni mo gbà pé kó fi sí i.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé tún wà níbẹ̀. The Great Suspender ń fi tábù tí a kò lò sùn kí RAM lè ráyè, ó sì lé ní mílíọ̀nù méjì ènìyàn tó ń lò ó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ẹni tó kọ ọ́ tà á fún ẹlòmíràn tí kò sọ orúkọ ara rẹ̀. Nítorí pé àfikún máa ń gba ẹ̀dà tuntun fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ń lò ó kò mọ̀ pé ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fọkàn tán. Ní oṣù kejì ọdún 2021, Google yọ ọ́ kúrò, ó ní kóòdù búburú wà nínú rẹ̀. Lónìí, Chrome, Edge àti Firefox lè ṣe iṣẹ́ yìí fúnra wọn.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba àfikún kan, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá búráúsà yín kò ti lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka àṣẹ tó ń tọrọ. Èyí tó ń ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà kò ní ohunkóhun í ṣe lórí ìkànnì báǹkì yín. Lórí Chrome, ẹ lè pàṣẹ pé àfi bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ni kó tó wọ ojú-ewé. Ní ti àwọn tó ti wà níbẹ̀, ẹ tẹ Shift àti Esc pọ̀ lórí Chrome ti Windows, tàbí kí ẹ kọ about:processes síbi àdírẹ́sì lórí Firefox. Lórí Chrome, orúkọ àfikún àti iye RAM tó ń jẹ yóò jáde; lórí Firefox, iye tí gbogbo àfikún ń jẹ lápapọ̀ ni ẹ óò rí. Ẹ má gbára lé iye yẹn nìkan, nítorí ohun tó ń jẹ nínú ojú-ewé, orúkọ tábù ni wọ́n ń kà á sí. Ẹ pa àfikún náà, ẹ tún ojú-ewé ṣí, kí ẹ wò ó bóyá yóò yá ju tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tí ẹ kò bá sì lò láti oṣù tó kọjá, ẹ má kàn pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò.