Àjẹ́ Inú Fídíò, Ìyá Àgbà Inú Pálọ̀

Ní 1979 ni olóògbé Hubert Ògúndé, ẹni tó dákẹ́ sí London níhìn-ín ní 1990, gbé fíìmù Aiyé jáde. Nínú gbọ̀ngàn sinimá, gbogbo wa la jọ ń pariwo bí àwọn àjẹ́ bá yọ, títí Ọ̀ṣẹ́túrá babaláwo fi borí wọn.

Nígbà tí náírà já wálẹ̀, tí fíìmù wọ́n bí ojú, fídíò ló kù. Kenneth Nnebue ló náwó sí Àjẹ́ Ni Ìyá Mi, iṣẹ́ Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá, ní 1989. Irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ni a máa ń rà ní Rye Lane, Peckham, pẹ̀lú iṣu àti ẹ̀lùbọ́. Ẹ̀rù bá wa wọ pálọ̀. Ọmọ mi wo ọ̀kan tán, kò jẹ́ kí ìyá mi tó wá kí wa láti ilé fọwọ́ kan òun mọ́. (Ojú tì mí, èmi ni mo sáà rà á.) Ìyá mi ní kí n dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn. Ó jókòó ti ọmọ, ó ń fi ẹfun ojú àwọn òṣèré hàn án, wọ́n sì jọ wò ó parí.